Ọ̀sẹ̀ Méjìlá Lórí Inú Rírun Ìyàwó Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì ìwádìí gbé páálí náà dé láago mẹ́wàá àárọ̀. Ìdì ìyẹ̀fun mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ike ìgbẹ́ mẹ́fà, òwú itọ́ méjìlá, àti ìwé kan tó kún fún àpótí kéékèèké tí a ó máa fàmì sí: oorun, oúnjẹ, ìgbẹ́, ìdààmú ọkàn. Kò sí àyè kankan nínú ìwé náà fún ẹni tó bá fẹ́ ráhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra tèmi.

Ó ní ọgọ́fà èèyàn ló wà nínú ìwádìí yìí. Ìyẹ̀fun àwọn ìdajì ní kòkòrò inú tó wà láàyè, irú èyí tó ń bá wa gbé nínú ìfun láìṣe wá níbi. Ìyẹ̀fun lásán ni ti ìdajì yòókù. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tó jẹ́ tiwa. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn kòkòrò yìí lè mú kí ara ẹni tí ìpayà ti wọ̀ lẹ́wù rọlẹ̀.

"Ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tó tutù o, bàbá," ó ní. "Kò gbọ́dọ̀ kọjá dígírì mẹ́jọ. Àárọ̀ ni kí màmá máa lò ó, pẹ̀lú oúnjẹ. Ìyókù wà lára páálí."

Èmi tí mo ti ń tún fíríjì ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sí i lójú.

Lẹ́tà ọ̀gá gáréèjì bọ́ọ̀sì tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ ṣì wà lára ògiri. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n fún ìyàwó mi. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún, yóò wa bọ́ọ̀sì tòun ti olùdánwò, ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ gan-an, títí kan oríta tí ọkọ̀ epo ti ya lù ú lójú òjò. Kò sẹ́ni tó kú lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bó bá ti gbúròó ẹ́ńjìnnì ńlá báyìí, inú rẹ̀ á lọ́, á sáré lọ sílé ìyàgbẹ́. Dókítà inú wò ó títí, ó ní kò sí egbò. Dókítà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn, tí ìyàwó mi ń lọ rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ló ní kó forúkọ sílẹ̀ fún ìwádìí yìí. Bí kò bá lè wa ọkọ̀ náà, wọ́n á gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ bọ́ọ̀sì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi wakọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹta

Òwú itọ́ àkọ́kọ́. Bó bá ti lajú, kó tó fọ ẹnu, kó fi òwú há ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kó má sì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní èròjà kan wà tí ara máa ń tú jáde láàárọ̀ láti fi jí wa, òun náà ni ara ń tú jáde nígbà ìpayà, itọ́ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Mo sọ fún un pé kí wọ́n sọ ìṣẹ́jú méjì náà di wákàtí méjì, kí ilé yìí sinmi díẹ̀. Ó fi òwú ẹnu rẹ̀ sọ mí.

Mo po ìyẹ̀fun náà sínú tíì rẹ̀, mo fi mílíìkì àti ṣúgà sí i kó má baà mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó mu ún tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹta

Ike ìgbẹ́ àkọ́kọ́ ti wọ fírísà. Mo fi náílọ́ọ̀nù mẹ́ta dì í. Òun ló kọ déètì sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dára ju èyí tó fi ń kọ ìwé sí mi nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá kí wa. Bó ṣe máa ń ṣe, ó kọrí sí ilé ìdáná, ó ṣí fírísà, ó ń wá ẹja.

"Ọkọ wa, irú ẹran wo lẹ dì rìgìdì báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá a padà," ìyàwó mi ké láti yàrá. "Tèmi ni!"

"Mi ò ní bá ọ jẹ ẹ́. Ẹran kí ni?"

"Ìgbẹ́ mi ni."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ọṣẹ fọwọ́. Ó ní pẹ̀lú bí ẹja ṣe gbówó lórí yìí, ilé tí wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ sínú yìnyín, àfi kí Ọlọ́run bá wọn dá sí i. Kò jẹun lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti oṣù márùn-ún, inú mi sì dùn gan-an.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹta

Iná lọ fún wákàtí mọ́kànlá. Ooru mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yan wá. Mo kó àwọn ìdì ìyẹ̀fun sínú kúlà, mo to yìnyín yí wọn ká, mo ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́. Wákàtí-wákàtí ni mo ń wò ó. Kò kọjá dígírì márùn-ún. Mo gé bébà kan, mo fa ìlà sí i, mo ń kọ ìwọ̀n otútù sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí. Kí Nọ́ọ̀sì wá wo iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹta

Ó gbìyànjú láti rìn dé ibùdókọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà sí ilé wa. Kò dé ibẹ̀. Ó padà pẹ̀lú òógùn tó bo gbogbo ojú rẹ̀, ó wọ ilé ìyàgbẹ́, ó sì tilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì bá wa bẹ́ẹ̀ nígbà tó wá kó àwọn ike. Ó bá a sọ̀rọ̀ látẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, bí ẹni pé pálọ̀ ni.

"Màmá, iṣan ńlá kan wà tó so orí yín mọ́ ìfun yín. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí orí bá páyà, ìfun á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó ń ti ìfun gòkè ló pọ̀ ju èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ."

"Kí wá ni tèmi ń sọ?" ìyàwó mi dáhùn láti inú lọ́hùn-ún.

"Ó ń sọ pé ọkọ̀ epo ṣì ń bọ̀."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé ó ti kọjá."

Nọ́ọ̀sì bojú wo bébà tí mo lẹ̀, ó ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí nínú gbogbo ilé tí òun ń lọ. Mo dúró bí ọ̀gá.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kẹrin

Wákàtí mẹ́fà ló fi sùn. Mo kọ ọ́ sí ìwé wọn, mo kọ ọ́ sí èyí.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹrin

Òjò àkọ́kọ́. Mo rò pé òjò náà yóò dá a padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ibi fèrèsé ló jókòó sí tó ń jẹ búrẹ́dì. Bọ́ọ̀sì kọjá nísàlẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé inú, kò sì dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kẹrin

Ó dé ibùdókọ̀. Ó dúró di ìgbà tí bọ́ọ̀sì mẹ́ta kọjá. Awakọ̀ kan dá a mọ̀, ó fọn fèrè fún un, ó ní "Ọ̀gá obìnrin!" Nígbà tó padà ó ní, "Oníyìnyín, ìyẹ̀fun yẹn ń ṣiṣẹ́ o. Mo mọ̀ ọ́n lára." Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí ní Oníyìnyín.

Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Mo lọ wo ìwọ̀n otútù. Dígírì mẹ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹrin

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríjì ìyá tó ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì ló jó, mo lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti se mílíìkì, ó gbé e kalẹ̀, ó ń ti ìka bọ̀ ọ́, ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo bi í pé eré kí ni. Ó ní, "Mò ń dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó da ìwúkàrà ẹ̀ sí i. Tí ìka mi ò bá lè gbé inú ẹ̀ kí n ka ẹ̀wá, àwọn náà ò lè gbé ibẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn kòkòrò tó ń mú un dì. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni wọ́n. Ẹ bá dà wọ́n sínú ohun tó ń hó, òkú lẹ̀ ń pò yẹn."

Mo jókòó lé àpótí irinṣẹ́ mi. Ó bi mí pé ṣé iná gbé mi ni.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí bébà ìwọ̀n otútù tí mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ mọ́ páálí. Abẹ́ rẹ̀ ló wà, ní lẹ́tà dúdú: Ẹ má ṣe pò ó mọ́ ohun gbígbóná. Àárọ̀ mẹ́tàlélógójì ni mo ti fi tíì híhó pò ó. Mo ṣọ́ wọn lọ́wọ́ ooru bí ẹyin, mo wá ń sè wọ́n láràárọ̀ pẹ̀lú ṣúgà. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá ni mò ń pa.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Kẹrin

N kò sọ fún un. Mo fi omi tútù po ti òní. Ó ní kí ló dé tíì. Mo ní mo kà á níbì kan pé tíì kì í jẹ́ kí oògùn wọra. Ó gbà á lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Bí mo bá sọ ọ́, ohun tó dì mú yóò já. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Kẹrin

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sílé ìyàgbẹ́. Èmi o. Kí ni mo jẹ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Kẹrin

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. N kò lè jẹ búrẹ́dì tán. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí, ọkàn mi á máa lù kìkì. Bí wọ́n bá fún mi ní òwú itọ́ lónìí, mo mọ ohun tí wọ́n á rí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Kẹrin

Nọ́ọ̀sì wá. Ó bi wá bí a ṣe ń lò ó. Mo ní, "Láàárọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ." Irọ́ kọ́, òótọ́ kọ́.

Ìyàwó mi di ọwọ́ Nọ́ọ̀sì mú. "Bí kì í bá ṣe ti ìyẹ̀fun yìí, mi ò mọ ibi tí ǹ bá wà."

Ojú mi wálẹ̀. Ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti ń rò nípa rẹ̀ nìkan, àfìgbà tí Nọ́ọ̀sì ń ká ìwé wa sínú àpò ni mo rántí àwọn ọgọ́fà. Ìwé wa yóò lọ bá tiwọn. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé obìnrin yìí lo ìyẹ̀fun rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ pé nítorí tíì mi ni wọ́n ṣe máa sọ pé kòkòrò inú wúlò, tàbí pé kò wúlò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Kẹrin

Ìyàwó mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ láàárọ̀. Bí mo ṣe jáde ló di mí lọ́nà.

"Ọjọ́ mẹ́wàá nìyí tẹ́ ẹ ti ń sáré wọ ibí yìí. Èmi ni mo ni àìsàn yìí, mo dá a mọ̀ tí mo bá rí i. Kí lẹ fi pa mọ́?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí tíì dórí bébà tí mo lẹ̀ bo ìkìlọ̀.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ sè wọ́n?"

"Mo sè wọ́n."

"Pẹ̀lú ṣúgà?"

"Pẹ̀lú ṣúgà."

Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó bi mí ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ọjọ́ kẹrìnlá. Ó ka ìka rẹ̀.

"Ẹ sè é láìmọ̀, ìyẹn ò dùn mí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ fi wò mí lójú. Ẹ wò mí, ẹ ní mi ò ní lè gbọ́ ọ. Èmi ni mo máa gbé ọgọ́ta èèyàn gba oríta yẹn kọjá, ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ ife tíì á pa mí. Èmi kọ́ ni fíríjì o, Oníyìnyín. Ẹ ò lè máa wọ̀n mí láàárọ̀ wọ̀n mí lálẹ́."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi bó bá pariwo.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Kẹrin

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Kò sùn dáadáa, mo gbọ́ bó ṣe ń yí. Kò lọ sí ibùdókọ̀ láná àti lónìí. Ohun tí mo bẹ̀rù gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ yìí, ọwọ́ mi ni mo sì fi fà á.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru tèmi ti dá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù Karùn-ún

Ó pe Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ó yí ohùn fóònù náà sókè kí n lè gbọ́.

"Ọkọ mi fi tíì gbígbóná po ìyẹ̀fun yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó fẹ́ bẹ̀ yín. Ojú ló ń tì í."

Mo rò pé wọ́n máa yọ wá. Nọ́ọ̀sì ní rárá, kí a kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú déètì. Irú ìwé tó ń da iṣẹ́ àwọn rú ni èyí tó mọ́ tónítóní tí kì í ṣe òótọ́.

"Ó dáa," ìyàwó mi ní. "Ẹ wá dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá ti kú, kí ló gbé mi dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Màmá, mi ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lásán ni tiyín tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní òkú wọn pàápàá lè ṣe nǹkan nínú ìfun. Ó lè jẹ́ oorun, ó lè jẹ́ dókítà tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn ín díẹ̀díẹ̀. Tá a bá mọ̀ ni, a ò ní máa ka ìgbẹ́ ọgọ́fà èèyàn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wọ bàtà. Ó lọ sí ibùdókọ̀, ó sì wọ bọ́ọ̀sì dé ibùdó kejì kó tó fẹsẹ̀ rìn padà. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó bu oúnjẹ tèmi sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Karùn-ún

Nọ́ọ̀sì pè. Nítorí tiwa, wọ́n ti pe gbogbo àwọn ọgọ́fà láti bi wọ́n léèrè. Ilé mọ́kànlá mìíràn ló ń fi ohun gbígbóná pò ó, ọ̀kan tiẹ̀ ń dà á sínú ẹ̀wà lórí iná. Kò sí èyí tó sọ tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Mo sọ fún ìyàwó mi.

"Ẹ wá rí i pé ẹ ò dá ya wèrè," ó ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ méje nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Karùn-ún

Òun ló ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ báyìí. Omi tútù. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́rú, 13 oṣù Karùn-ún

Ọ̀gá gáréèjì gbà kó wa bọ́ọ̀sì òfìfo yí inú ọgbà ká. Ìgbà mẹ́ta ló sọ̀kalẹ̀ lọ sílé ìyàgbẹ́, ìgbà mẹ́rin ló gùn ún. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń sọ góòlù bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Inú rẹ̀ ń run. Oorun wákàtí mẹ́rin. Mo fi àmì sí i nínú ìwé wọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́, n kò bù kún un. Mo bi í bóyá kó ní kí wọ́n sún ìdánwò síwájú. Ó wò mí. Mo lọ fọ abọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Karùn-ún

Ó bì tíì rẹ̀ láago méje. Ó fọ ẹnu, ó wé gèlè kékeré rẹ̀, ó wọ yunifọ́ọ̀mù. Mo ní kí n sìn ín. Ó ní kí n lọ tún fíríjì èèyàn ṣe.

N kò tún fíríjì kankan ṣe. Mo jókòó. Òjò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án, irú òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì bẹ Ọlọ́run kó dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó di aago méjìlá mo ti ka gbogbo bọ́ọ̀sì tó kọjá nísàlẹ̀, mo ti gbàgbé iye wọn.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ló wọlé. Ó rin gbingbin. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí irinṣẹ́ mi. N kò lè bi í.

"Mo dúró ṣáájú oríta," ó ní. "Mo fa búrékì ọwọ́. Mo ní kí olùdánwò fún mi ní ìṣẹ́jú méjì. Ó wo aago ẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Inú mi ń lọ́ látìgbà tí mo ti tan ẹ́ńjìnnì. Títí mo fi pa á ló ń lọ́. Oníyìnyín, láti gbogbo oṣù wọ̀nyí wá, mo ti ń dúró de ọjọ́ tó máa dákẹ́ kí n lè wakọ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu omi òjò lójú. "Kò dákẹ́. Mo wà á bẹ́ẹ̀."

Ó yọ bébà kan látinú àpò yunifọ́ọ̀mù, ó nà án sí mi. Ó ti tutù, mo ní láti gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì ní oríta. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, láago márùn-ún ààbọ̀, ní ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́.

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún tán, lẹ́yìn náà ó ní ebi ń pa òun.